Ìdajì Pápá Tí Mo Gbá

Òórùn eérú tútù ni mo fi ń rántí ọjọ́ náà. Kì í ṣe eérú gbígbóná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó nídìí ààrò ni mò ń wí o. Èyí tí ìrì ti sẹ̀ sí mọ́jú ni, tó máa ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Òórùn yẹn ló gba imú mi ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, lórí pápá ilé ìwé wa ní Ìkọ̀tún, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méjìlá. Ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, kùrukùru sì bo ibi gbogbo débi pé n kò rí igi fúrúùtù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó gòólù. Ó ti ń lọ sí àádọ́ta ọdún báyìí. Síbẹ̀, bí mo bá ń kọjá níbi tí wọ́n ti ń dín gàrí, tí eérú wọn fẹ́ sí mi nímú, orí pápá yẹn ni ọkàn mi ń padà sí.

Bàbá mi ló ń gbá ilẹ̀ ilé ìwé náà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Iṣẹ́ bíríkìlà ló bá wá sí Èkó, àmọ́ ó jábọ́ lórí àkàbà lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kò sì gba ẹrù wíwúwo mọ́ láti ìgbà náà. Aládùúgbò wa kan ló bá a wá iṣẹ́ sí ilé ìwé. Nínú ìwé ìjọba, súwípà ni wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ̀, òun náà sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn ju agbálẹ̀ lọ, bóyá nítorí pé ó dún bí iṣẹ́ oṣù. Bí ẹnì kan bá bi í pé iṣẹ́ kí ló ń ṣe, á na ọrùn díẹ̀, á ní, “Súwípà ni mí, ní súkúù ìjọba.” Ìyá mi á wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu kó má baà rí i pé òun ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tá a jọ dàgbà mọ bí ayé ṣe rí nígbà yẹn. Owó epo ti dé. Oko ẹ̀gẹ́ tó yí Ìkọ̀tún ká ń di ilé lójoojúmọ́, kátabílà ń hú igi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹni tí kò ní rédíò lánàá á ti máa fi ti tuntun rẹ̀ dí gbogbo àdúgbò létí lónìí. Mo rò pé kò sẹ́ni tó tètè mọ̀ pé owó dé tó bàbá mi, nítorí pé ohun tí àwọn èèyàn ń jù nù ló fi ń gbọ́ ìròyìn. Tẹ́lẹ̀, ewé ẹ̀kọ ló ń gbá, àti èèpo ọsàn, àti èèpo ẹ̀pà. Kò ju ọdún méjì lọ tó fi di agolo mílíìkì, ìdérí ìgò, bébà súìtì àti ọ̀rá. Ọ̀rá yìí ló máa ń bí i nínú jù, torí pé bí ìgbálẹ̀ bá ti kàn án, ṣe ni yóò fò lọ. “Ewé mọ ìgbálẹ̀,” ló máa ń wí. “Ọ̀rá ò mọ ẹnì kankan.”

Èmi àti ẹ̀ la jọ máa ń gbálẹ̀ kí n tó lọ wẹ̀ fún ilé ìwé. Bó bá ti kírun àsùbá tán, á kàn mí lẹ́sẹ̀ lórí ẹní, a ó mú ìgbálẹ̀ ọwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó di pápá. Òun á mú ìdajì, èmi á mú ìdajì. Ọ̀nà tó ń gbà gbálẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbo èèyàn tí mo mọ̀. Ẹ̀yìn ló ń rìn sí. Á tẹ̀ba, á máa gbá, á máa fẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn ún yẹn, tó fi jẹ́ pé ìgbálẹ̀ rẹ̀ ló ń kẹ́yìn sí gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kàn. Bó bá parí, ilẹ̀ á là gẹẹrẹ bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà, o ò ní rí àpá ẹsẹ̀ kankan níbẹ̀ àfi ti ẹyẹ. “Ràsákì,” á ní, “ẹni tó gbálẹ̀ tó tún fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kò tíì gbá a.” Èmi ò ní sùúrù ìyẹn. Iwájú ni mo máa ń kọjú sí, mo máa ń sáré gbá a kí n lè tètè lọ jẹ ẹ̀kọ, àpá ẹsẹ̀ mi á sì tò tẹ̀ lé mi látòkè délẹ̀. Kò nà mí nítorí ẹ̀ rí. Ẹ sáà mọ̀ pé wọn kì í fi ìgbálẹ̀ na ọmọkùnrin, kò sì sí ìgbà tí ìgbálẹ̀ kò sí lọ́wọ́ bàbá mi.

Ọdún yẹn ni Tíṣà Láníyan dé sí ilé ìwé wa. Ọ̀dọ́kùnrin ni, ó ń wọ sòkòtò ayé ìgbà náà tí ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ débi tó fi ń wọ́ nílẹ̀. Bàbá mi máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀, á ní, “Tíṣà, iṣẹ́ mi lẹ fẹ́ gbà ni?” Tíṣà yìí ló kó wa jọ tó ní ká máa gbá bọ́ọ̀lù bí àwọn tó ń gbọ́ nínú rédíò rẹ̀. Ó ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò máa dúró lẹ́yìn gbogbo àwọn tó ń dènà, tí kò ní bá wọn lọ síwájú, pé bí bọ́ọ̀lù bá ti ọwọ́ gbogbo wọn bọ́, òun ló máa gbá a dànù. Ó ní súwípà ni wọ́n ń pe onítọ̀hún. Gbogbo kíláàsì ló bú sẹ́rìn-ín, wọ́n yíjú sí mi. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ wọlẹ̀. Tíṣà kò mọ ohun tí wọ́n ń rín. Ó ti ń wò mí láti ọjọ́ mélòó kan, ó sì ti rí i pé n kì í sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù bíi tàwọn yòókù, ibi tó máa dé ni mo máa ń lọ dúró sí. Ara bàbá mi ni mo ti rí ìyẹn kọ́, nítorí kì í lé ewé tí atẹ́gùn bá ń gbé. Á dúró, á jẹ́ kó balẹ̀ ná. Bí mo ṣe di súwípà ilé ìwé wa nìyẹn.

Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi, ó dá ọwọ́ oúnjẹ dúró.

“Kí ni súwípà ń gbá nínú bọ́ọ̀lù?”

Mo ní ohunkóhun tó bá kọjá lára àwọn tó kù ni, kó má baà wọlé.

“Àwọn tó kù ńkọ́? Iwájú ni wọ́n ń wò?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ta ló wá ń wo ẹ̀yìn súwípà fúnra ẹ̀?”

“Kò sí o, Bàámi. Gólì tó ń ṣọ́ òpó nìkan.”

“Ó yẹ kéèyàn wà níbẹ̀, ṣá,” ló wí, ó sì ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni ojú kò ti tì mí mọ́. Kí n má parọ́, mo tiẹ̀ wá ń yangàn.

Ilé ìwé kan láti Ìgàndó ló fẹ́ wá bá wa gbá bọ́ọ̀lù ife ẹ̀yẹ. Hẹ́dímásítà ti pe àwọn alábẹ̀wò ẹ̀kọ́, wọ́n ti kun òpó gòólù ní ọ̀dà funfun, wọ́n sì ti yá àga lọ́wọ́ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ tó ṣíwájú, Tíṣà Láníyan lé wa lọ sílé ní kùtùkùtù, ó ní ká lọ sùn. Ìkìlọ̀ kan ló ṣe fún wa: “Ẹni tó bá fọwọ́ ba nǹkan kan jẹ́ lórí pápá yìí, kò ní gbá bọ́ọ̀lù lọ́la. Mi ò kọ ẹni tó lè jẹ́.” Lẹ́yìn tá a lọ tán ló lọ kó eérú lọ́dọ̀ àwọn ìyá tó ń dín gàrí, ó dà á sínú agolo tó lu nídìí, ó sì fi fa ìlà bọ́ọ̀lù sójú pápá látìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Bàbá mi nìkan ló sọ fún pé kó má gbá a.

Bàbá mi sì sọ fún mi. Mi ò lè purọ́ pé kò sọ. Bá a ṣe ń lọ nínú kùrukùru lọ́jọ́ kejì, ó sọ̀rọ̀ lórí eérú, mo ní, “Ẹ ẹ́n, sà,” ẹsẹ̀ mi ń gbá bọ́ọ̀lù tí kò sí nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gba etí kan wọlé, ó gba èkejì jáde. Nígbà tí mo dé ìdajì tèmi tí mo rí eérú nílẹ̀, inú bí mi. Gbogbo ọyẹ́ yẹn ni àwọn ìyá onígàrí ti ń gba orí pápá wa lọ da eérú sí ààtàn, tí ó ń dà sílẹ̀ lójú ọ̀nà, tí èmi ń gbá a. Mo ní wọ́n tún ti ṣe é, lọ́jọ́ táwọn àlejò ń bọ̀! Mo gbá a kíkankíkan. N kò tíì gbálẹ̀ dáadáa bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ẹ̀gbẹ́ òpó gòólù ni mo ti rí i pé eérú náà yí kọ́nà. Ó lọ tààrà, ó wá yà, igun rẹ̀ mú ṣáṣá. Eérú tó bá dà sílẹ̀ láti inú igbá kì í rí bẹ́ẹ̀. Mo dúró, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo wo ẹ̀yìn mi. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ àfi àpá ẹsẹ̀ mi. Mo ń gbọ́ ìgbálẹ̀ bàbá mi lódì kejì, ṣá, ṣá, ṣá, ó ń rọra gbá ẹ̀gbẹ́ ìlà tirẹ̀. Mi ò pè é. Mo ronú ìkìlọ̀ Tíṣà, mo ronú bọ́ọ̀lù, mo gbé ìgbálẹ̀ sídìí igi fúrúùtù, mo sì sáré lọ sílé lọ wẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé, kùrukùru ti ká nílẹ̀, gbogbo èèyàn sì ti rí i. Ìdajì pápá ní ìlà, ìdajì jẹ́ ilẹ̀ lásán, bí orí tí onídìrí dì tì. Hẹ́dímásítà dúró sáàárín, Tíṣà Láníyan káwọ́ lérí. Ṣùgbọ́n ohun tí èmi rí yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ń wò. Wọ́n ti tún ìdajì tèmi gbá. Ó là gẹẹrẹ, kò sí àpá ẹsẹ̀ ọmọdé kankan níbẹ̀ mọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbálẹ̀ báyẹn.

“Bàbá Ràsákì,” ni hẹ́dímásítà wí, ó gbìyànjú láti má pariwo mọ́ àgbàlagbà, “ta ló gbá eérú yìí?”

“Èmi ni, sà.”

“Mo sọ fún yín o!” ni Tíṣà Láníyan wí. “Àbí mi ò sọ fún yín lánàá?”

“Ẹ sọ fún mi.”

“Ẹ wá fi ìdajì sílẹ̀, ẹ gbá ìdajì? Irú kí nìyẹn jàre?”

Àwa ọmọ bọ́ọ̀lù ti tò sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo wà láàárín wọn nínú aṣọ pupa wa tuntun. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Bàbá mi wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì pẹ́ níbẹ̀. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Èyí tó wà lójú rẹ̀ ni pé kí n dákẹ́, èmi náà sì dákẹ́, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ kó rí.

“Ojú mi ni, sà,” ló wí. “Ó tọ́jọ́ mẹ́ta tó ti ń ṣe mí bàìbàì. Mo rí tọ̀hún. Tìhín yìí, kùrukùru bò ó, mi ò rí i.”

Hẹ́dímásítà wò ó, ìbínú ojú rẹ̀ lọ sílẹ̀, àánú gba ipò rẹ̀. Eérú kò tó mọ́, ọkọ́ ni wọ́n fi ha ilẹ̀ níbi tí mo gbá. A gbá bọ́ọ̀lù wa. A jẹ gòólù kan, ó sì ku díẹ̀ kí eré parí nígbà tí ọmọ Ìgàndó gíga kan kọjá lára gbogbo wa, ó kọjá lára gólì pàápàá, ó ta bọ́ọ̀lù náà pẹ̀lẹ́ sí ẹnu òpó tó ṣófo. N kò lé e. Mo ti lọ dúró síbi tó ń bọ̀. Orí ìlà tí wọ́n fi ọkọ́ ha ni mo ti gbá a dànù. Ariwo “Súwípà! Súwípà!” gba gbogbo Ìkọ̀tún, wọ́n gbé mi sí èjìká. Láti òkè níbẹ̀ ni mo ti rí bàbá mi lẹ́yìn àwọn èrò, ó ti tẹ̀ba, ó ń gbá èèpo ọsàn, ó ń fẹ̀yìn rìn. Ó gbórí sókè, ó na ìgbálẹ̀ sókè sí mi bí ẹni tó ń juwọ́.

Hẹ́dímásítà kì í ṣe èèyàn burúkú. Nígbà tí sáà parí, ó pe bàbá mi, ó fi sùúrù sọ fún un pé kànga wà nínú ọgbà, ọmọ wẹ́wẹ́ ń sáré kiri, kò dáa kí ẹni tí kò ríran dáadáa máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí nǹkan má lọ ṣẹlẹ̀ sí i. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá a ṣàdúrà. Bàbá mi gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀ wálé.

“Ojú wo?” ni ìyá mi ń bi í lálẹ́ ọjọ́ náà. “Ojú tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì?”

“Ojú mi ni mo wí. Mi ò wí tìẹ.”

Ìyá mi yíjú sí mi, ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò. Ó wá kọjú sí ìkòkò rẹ̀ bí ẹni tó ń bá ọbẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ní, “Ẹni tó bá da eérú leérú ń tọ̀.”

“Àfi tí bàbá ẹ̀ bá dúró síbi tí atẹ́gùn ń gbà,” ni bàbá mi dáhùn. Kò gbé ojú sókè. Èmi ń jẹun lọ. Títí dòní, bí mo bá rántí pé mo jẹ oúnjẹ náà tán, tí mo tún lá ọwọ́, ara mi máa ń bù mí jẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìgbálẹ̀ ló ń ṣe. Á jókòó síwájú ilé, á máa ha imọ̀ ọ̀pẹ, ìyá mi á gbé e lọ sọ́jà. Àwọn èèyàn á dúró wò ó, ẹnu á yà wọ́n bí ẹni tí ojú ń dùn ṣe ń ha ọwọ̀ tínínrín bẹ́ẹ̀. “Ọwọ́ ló ń ríran,” á ní. Wọ́n máa ń di apá rẹ̀ mú sọdá títì, á sì jẹ́ kí wọ́n dì í mú. Ó gbé irọ́ náà rù fún mi láìsọ ọ́ kalẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mo ti ṣètò ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá a sọ láìmọye ìgbà. Mo ní tí mo bá wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Mo ní tí mo bá ríṣẹ́. Mo ní tí mo bá gbéyàwó. Ó kú ní ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé, kò wọ awò ojú rí, ó sì ń ka Kùránì rẹ̀ fúnra rẹ̀ títí ó fi kú. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu mi.

Ẹ̀gbẹ́dá ni mò ń gbé báyìí. Mo ti fẹ̀yìn tì, èmi ni mo sì máa ń gbá iwájú ilé mi láàárọ̀. Ọ̀rá ti pọ̀ ju ewé lọ. Mo ń fẹ̀yìn rìn, ó sì ń dun ìbàdí mi. Ọmọ ọdún méjìlá yẹn lè dúró lójú gbogbo ìlú kó gbá bọ́ọ̀lù kúrò lẹ́nu òpó, ẹ̀rù ò ní bà á. Ohun tó tọ́ kó sọ lójú èèyàn díẹ̀ ló dẹ́rù bà á, ẹ̀rù náà sì bá a dàgbà, ó bá a hu ewú.

Lóṣù tó kọjá, ojú tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú ní tòótọ́, ọmọ mi àgbà sì mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ọmọbìnrin ni dókítà náà. Ó wo ojú mi tán, ó mú bírò, ó ní, “Bàbá, ṣé ẹnì kan wà nínú ẹbí yín tí ojú ti ń dùn rí? Bàbá yín ńkọ́?”

Ọmọ mi ló yá jù mí lọ. Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, dókítà. Bàbá àgbà. Ojú ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn.”

Irọ́ mi ti di ìtàn ìdílé, n kò mọ̀. Bírò ti ń lọ lórí ìwé. Mo na ọwọ́, mo fi bo ìwé náà.

“Má kọ ọ́, ìyá mi,” mo wí. “Kò sí nǹkan kan tó ṣe ojú bàbá mi. Ó rí gbogbo rẹ̀. Èmi ni mo gbá eérú náà.”

“Eérú wo, sà?” ni dókítà wí.

Ọmọ mi ti yíjú sí mi. Mo fa àga mi sún mọ́ tábìlì, mo sì ro ó fún wọn láti àárọ̀ ọjọ́ náà, bí mo ṣe ro ó fún yín yìí.